Kíkúrò Nídìí Aṣàwákiri Àtijọ́: Internet Explorer 6 àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àkọsílẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè ń ṣe ni ó ti bọ́ sórí ayélujára. Ibẹ̀ ni a ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ibẹ̀ ni a ti ń wo èsì, ibẹ̀ ni a ti ń ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ibẹ̀ náà ni a sì ń gbé iṣẹ́ tiwa sí kí ará ibòmíràn lè rí i kà. Ohun kan ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà fún gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Òun ni bùráúsà, tí a ó máa pè ní aṣàwákiri nínú iṣẹ́ yìí. Bí ìlẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà bá gbó jù, ewu rẹ̀ kò mọ sí ara ìlẹ̀kùn nìkan. Ó kan gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé.

Èròǹgbà wa ni láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí ènìyàn kúrò nídìí aṣàwákiri tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá, àti ìdí tí ó fi máa ń ṣòro láti kúrò. Internet Explorer 6, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣe, ni a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn rẹ̀ fi hàn gbangba bí ohun èlò kan ṣe lè gbilẹ̀, kí ó gbó, kí ó sì kọ̀ láti lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo ohun tí ìtàn náà ní í ṣe pẹ̀lú kíkọ èdè Yorùbá sórí ẹ̀rọ. Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ẹni tí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà àjùmọ̀lò, iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà lẹ́yìn tí ohun èlò bá ti kú. Ẹni tí ó so iṣẹ́ mọ́ ohun èlò kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ohun èlò náà bá kú ni iṣẹ́ rẹ̀ bá a lọ.

Kí ni Aṣàwákiri?

Ojú-ewé tí à ń rí lórí ayélujára kì í ṣe àwòrán tí a ti yà tán tí a kàn gbé wá bá wa. Ọ̀rọ̀ ni, pẹ̀lú àwọn àṣẹ tí a kọ mọ́ ọn: èyí jẹ́ àkọlé, èyí jẹ́ ìpínrọ̀, àwòrán ni kí ó wà níhìn-ín, kí lẹ́tà ibí yìí tóbi ju tòkè lọ. Kọ̀ǹpútà kan tí ó lè wà ní ìlú òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ aṣàwákiri ni láti lọ béèrè fún un, kí ó gbé e wá, kí ó ka àwọn àṣẹ náà, kí ó sì tò ó síwájú wa bí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe fẹ́. A lè fi í wé ògbufọ̀. Bí ògbufọ̀ bá gbọ́ èdè dáadáa, ohun tí olùsọ̀rọ̀ sọ ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Bí kò bá gbọ́ èdè tó, yóò fo ọ̀rọ̀ kan, yóò ṣi òmíràn túmọ̀, olùgbọ́ yóò sì máa rò pé olùsọ̀rọ̀ ni kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ni ó ṣe aṣàwákiri àkọ́kọ́ ní ọdún 1990. Ní 1993, Mosaic jáde láti Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà. Ó fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ojú-ewé kan náà, èyí sì jẹ́ kí ayélujára wu ènìyàn lásán láti lò. Netscape Navigator tẹ̀ lé e ní 1994, Internet Explorer sì dé ní 1995. Nínú ọdún 1994 yìí kan náà ni Berners-Lee dá ẹgbẹ́ W3C sílẹ̀, kí gbogbo àwọn tí ń ṣe aṣàwákiri lè fẹnu kò lórí àṣẹ tí ojú-ewé yóò máa lò. Ìlànà àjùmọ̀lò tí ẹgbẹ́ náà ń gbé jáde ni òpómúléró ọ̀rọ̀ wa.

Bí Internet Explorer 6 ṣe Gbilẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Windows, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ni ọṣẹ. Internet Explorer ni ewé. Microsoft kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí aṣàwákiri rẹ̀, ó sì so ó mọ́ Windows, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ra kọ̀ǹpútà ti bá a nínú rẹ̀. Netscape kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà pe Microsoft lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, adájọ́ sì dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi ní ọdún 2000. Àmọ́ nígbà tí ìjọba àti Microsoft fi máa jọ fẹnu kò ní òpin 2001, Netscape ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá wọlé. Internet Explorer 6 ti jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó sì bá Windows XP wọ ilé àti ọ́fíìsì. Láàárín ọdún díẹ̀, bí a bá ka ènìyàn mẹ́wàá lórí ayélujára, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú wọn tí ń lo Internet Explorer.

Ó yẹ kí a fi òtítọ́ sí ipò rẹ̀. Ní ọdún 2001, aṣàwákiri tí ó dára ni. Inú àwọn ẹ̀dà Internet Explorer ni a ti kọ́kọ́ rí ọgbọ́n tí ojú-ewé fi lè gba ìròyìn tuntun láìjẹ́ pé a tún gbogbo rẹ̀ gbé wá, ọgbọ́n tí ìwé ìránṣẹ́ orí ẹ̀rọ àti máàpù ayélujára ṣì ń lò. Ẹ̀bi kò sí nínú bí a ṣe ṣe é. Inú bí a ṣe fi í sílẹ̀ ló wà. Bí kò ti sí abánidíje mọ́, ẹni tí ó ni ọjà sùn. Oṣù Kẹwàá ọdún 2006 ni Internet Explorer 7 tó jáde, lẹ́yìn ọdún márùn-ún gbáko. Nínú ọdún márùn-ún yìí, ìlànà W3C ń tẹ̀ síwájú, àwọn olè orí ẹ̀rọ náà sì ń kọ́gbọ́n kún ọgbọ́n.

Ohun tí ó Sọ ọ́ di Ògbólógbòó

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà wo àbùkù rẹ̀. Èkíní ni títúmọ̀ ojú-ewé. Internet Explorer 6 máa ń ṣi àwọn àṣẹ kan túmọ̀: àlàfo tí a ní kí ó fi sí ẹ̀gbẹ́ nǹkan lè di ìlọ́po méjì, àwòrán PNG tí ó yẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ gaara a sì yọ pẹ̀lú àwọ̀ tí kò yẹ. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ojú-ewé tí ó gún régé nínú Firefox, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, a máa fọ́ yángá nínú Internet Explorer 6. Nítorí náà, àwọn tí ń ṣe ojú-ewé a kọ iṣẹ́ kan ní ẹ̀ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà, ẹ̀ẹ̀kejì láti fi wá ojú rere aṣàwákiri kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bìkítà fún ìlànà mọ́. Ti Internet Explorer nìkan ni wọ́n kọ.

Èkejì, tí ó burú jù, ni ọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Internet Explorer 6 lanu púpọ̀. Nípasẹ̀ ohun tí a ń pè ní ActiveX, ojú-ewé lè gbé ètò kan wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni tí ń kà á, kí ètò náà sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí onílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, àwọn ọ̀daràn gba inú àwọn ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kò fura sí kọjá láti fi ètò ajínilọ́rọ̀-aṣínà sínú kọ̀ǹpútà àwọn tí ó bẹ̀ wọ́n wò. Nígbà náà, US-CERT, àjọ ààbò orí ẹ̀rọ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ka lílo aṣàwákiri mìíràn mọ́ ohun tí ènìyàn lè ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, Google kéde pé àwọn kan ti já wọ inú ètò wọn. Ihò kan nínú Internet Explorer wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn àjọ ìjọba Jámánì àti ti Faransé gba àwọn ará ìlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo aṣàwákiri mìíràn títí a ó fi dí ihò náà.

Àwọn kan a máa wí pé, "Èmi kò kì í lọ sí ìkànnì burúkú, kí ni yóò ṣe mí?" Èsì wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2004: ìkànnì rere ni wọ́n gbà wọlé. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá dí ihò kan nínú ẹ̀dà tuntun, olè lè wo ibi tí wọ́n ti dí, kí ó fi mọ ibi tí ihò wà nínú ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì yóò dí mọ́. Bí àtúnṣe ṣe ń dé bá tuntun ni ewu ń pọ̀ sí i fún àtijọ́. Ìṣọ́ra oníkọ̀ǹpútà nìkan kò lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí kò fi Rọrùn láti Kúrò

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ó dá àwọn ènìyàn dúró? Aṣàwákiri tuntun kò gbowó. Ohun tí ó ń gbowó ni gbogbo ohun tí a ti so mọ́ èyí àtijọ́.

Ní ọdún 2010, àwọn ènìyàn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọba pa Internet Explorer 6 tì. Ìjọba fèsì pé kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò iṣẹ́ ọba ni wọn yóò tún dán wò ṣáájú àyípadà, ìnáwó náà yóò sì pọ̀. Ti Gúúsù Kòríà tún le ju èyí lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni báńkì àti ọjà orí ẹ̀rọ níbẹ̀ ti gbára lé ActiveX fún ìbuwọ́lùwé àti ààbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, àfi kí ó ṣí Internet Explorer. Ohun tí wọ́n fi dáàbò bo ará ìlú nígbà kan ni ó wá di ẹ̀wọ̀n sí i lẹ́sẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó fòpin sí ipò pàtàkì tí òfin fún ìwé ẹ̀rí orí ẹ̀rọ tí ó bí wàhálà náà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìdí náà yàtọ̀ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ ní àwọn ilé íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, Windows XP sì ni ó wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wákàtí ni à ń ra, ìkànnì ń falẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi àkókò tí ó sanwó fún gba ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bọ́. Opera Mini, tí ó máa ń fún ojú-ewé mọ́ra kí ó tó dé orí fóònù kí owó dátà má baà pọ̀, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi mọ ayélujára, wọn kò sì bá Internet Explorer 6 pàdé rárá.

Bí Ayé ṣe Kúrò Nídìí Rẹ̀

Àwọn ìkànnì ńlá ni ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, Google Docs àti YouTube dẹ́kun títọ́jú ojú-ewé wọn fún Internet Explorer 6. Ní oṣù yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà ṣe ìsìnkú àwàdà fún un, Microsoft sì fi òdòdó ránṣẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, Microsoft fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kí àwọn ènìyàn lè kúrò nídìí ohun tí ó ṣe. Ìṣirò tí ó gbé jáde fi hàn pé ìdá 12 nínú 100 ni ó ṣì ń lò ó káàkiri àgbáyé. Ní Ṣáínà ó lé ní ìdá 34, ní Amẹ́ríkà kò sì pé ìdá 3. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, àtúnṣe Windows XP dópin, ti Internet Explorer 6 sì bá a lọ. Ẹ̀dà tí ó kẹ́yìn nínú ìdílé náà, Internet Explorer 11, fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Síbẹ̀, Microsoft fi àyè kan sílẹ̀ nínú Edge, tí ó rọ́pò rẹ̀, fún àwọn ojú-ewé tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju ti Internet Explorer lọ. Òkú ti wọ ilẹ̀, àwọn tí ó jẹ ní gbèsè ṣì ń jókòó dè é.

Àkọsílẹ̀ Yorùbá àti Aṣàwákiri Àtijọ́

Ohun tí a ti sọ bọ̀ kan àwa tí ń kọ Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Unicode ni ìlànà àjùmọ̀lò tí ó fún lẹ́tà àwọn èdè àgbáyé ní nọ́ńbà. Nínú rẹ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ àti ṣ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ tàbí ọ bá ru àmì ohùn, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Nọ́ńbà lẹ́tà ni a kọ́kọ́ kọ, kí a tó kọ nọ́ńbà àmì tẹ̀ lé e. Aṣàwákiri àti fọ́ǹtì ni yóò gbé èkejì ka orí èkíní. Bí ògbufọ̀ bá ti darúgbó, ibí yìí ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Nínú Internet Explorer 6, bí fọ́ǹtì tí ojú-ewé yàn kò bá ní lẹ́tà kan, aṣàwákiri náà kì í sábà mọ bí a ti ń wá a lọ sínú fọ́ǹtì mìíràn. Àpótí kékeré ni yóò fi dípò. Níbi tí lẹ́tà bá sì ti yọ, àmì ohùn lè yà sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni pé kò mọ olówó rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí: *Ọkọ́ ọkọ mi wà nínú ọkọ̀.* Àmì ohùn nìkan ni ó ya irinṣẹ́ oko sọ́tọ̀ sí baálé ilé, tí ó sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ sí ohun ìrìnnà. Bí aṣàwákiri bá gbé àmì jù nù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti di ọ̀kan. Bí ó bá tún gbé àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà jù nù, *oko* ni yóò kù, ìtumọ̀ kẹrin tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ yóò gbà pé bí a ti ń kọ Yorùbá nìyẹn.

Àwọn ènìyàn wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ṣe àwọn fọ́ǹtì kan tí ó gba àyè àmì tí a kì í sábà lò, tí ó sì ya ẹ tàbí ọ̀ síbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì náà wà, Yorùbá tí ó dán mọ́rán ni. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, àmì ajeji tí kò ní ìtumọ̀ ni. Ohun tí báńkì Gúúsù Kòríà fi ActiveX ṣe ni èyí gan-an: wọ́n tún ilé kan ṣe, wọ́n sì ba ọ̀nà tí ó lọ sí ilé yòókù jẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá àti àkójọ ìtàn tí a fi irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ tẹ̀ yóò di àdììtú bí fọ́ǹtì náà bá sọnù, àyàfi tí a bá rí ẹni tí yóò yí i padà sí Unicode lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ àyípadà kò ṣàjèjì sí ìmọ̀ èdè Yorùbá. Láti ìpàdé tí àwọn ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 títí dé ìgbìmọ̀ ọdún 1966 àti àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974, léraléra ni a ti pa ọ̀nà ìkọ̀wé kan tì fún èyí tí ó sàn jù. *Aiye* di *ayé*, *enia* di *ènìyàn*, *nwọn* di *wọ́n*. Ó ṣòro fún àwọn tí ó ti mọ́ lára, *Oshogbo* sì ṣì wà lára pátákó ojú ọ̀nà títí di òní. Síbẹ̀, nítorí pé ìlànà kan wà tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí, ẹni tí ó bá ka ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn lè kọ irú rẹ̀ ní Kétu. Ipò tí àkọtọ́ wà sí ìwé ni Unicode àti ìlànà W3C wà sí ayélujára.

Ohun tí ó Yẹ kí Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe

(i) Kí a mọ orúkọ àti ẹ̀dà aṣàwákiri tí à ń lò, kí a sì jẹ́ kí ó máa gba àtúnṣe tuntun fúnra rẹ̀. Chrome, Firefox, Edge àti Safari ni ó wọ́pọ̀. Èyíkéyìí nínú wọn tí ó bá ṣì ń gba àtúnṣe lè gbé Yorùbá olóhùn jáde bí ó ti yẹ.

(ii) Kí a wo ohun tí ó gbé aṣàwákiri ró. Àtúnṣe Windows 7 ti dópin láti oṣù Kìíní ọdún 2020, Chrome sì pa á tì ní 2023. Àtúnṣe tí Windows 10 ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe náà dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà ní ipò yìí ni kí ó bẹ̀rẹ̀ ètò àyípadà kí olè tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

(iii) Kí a tó kúrò, kí a kó ẹrù wa. Aṣàwákiri tuntun lè gba àwọn ojú-ewé tí a ti sàmì sí àti ọ̀rọ̀ aṣínà láti inú ti àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni kí a ti gbà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀.

(iv) Kí a fi pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá tí ó tẹ̀ lé Unicode kọ iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ tí a ti fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀ ni kí a yí padà nígbà tí kọ̀ǹpútà tí ó lè kà á ṣì wà.

(v) Kí a máa fi aṣàwákiri méjì ó kéré tán, pẹ̀lú fóònù kan, yẹ ojú-ewé Yorùbá tí a bá ṣe wò, kí a má ṣe kọ ọ́ fún ojú kan ṣoṣo.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àìbìkítà lẹ́yìn ìṣẹ́gun ni ó sọ Internet Explorer 6 di ewu, àti pé iṣẹ́ tí a so mọ́ ọn ni ó jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ. A sì ti fi hàn pé irú ìsomọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ Yorùbá nípasẹ̀ fọ́ǹtì tí kò tẹ̀ lé ìlànà. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Aṣàwákiri tí ó jẹ́ tuntun lónìí yóò gbó, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì ṣí iṣẹ́ wa pẹ̀lú ohun èlò tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìlànà àjùmọ̀lò, àmì ohùn rẹ̀ yóò dúró lórí lẹ́tà rẹ̀, wọn yóò sì kà á bí a ti kọ ọ́.